Ahọ́n tó yá kì í ṣe ahọ́n tó lágbára

Afẹ́fẹ́ ló ń kọrin nínú fèrè; ahọ́n kàn ń dá a lọ́nà díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà á kúrò. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa bí ahọ́n ṣe ń yá lẹ́nu fèrè, inú gbólóhùn yẹn ló wà. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé sáksófóònù tàbí kìlárínẹ́ẹ̀tì rí, tó dé ibi tí orin ti ń sáré tí ahọ́n ò sì lè bá a lọ mọ́, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Etí á ti gbọ́, orí á ti gbà, ahọ́n nìkan ló máa ṣẹ́kù tó ń ṣe bíi pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò fọn fèrè rí. Bí afọnfèrè bá fẹ́ kí nóòtì kan, ìyẹn ohùn orin kan, dá yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e, kì í dá èémí dúró kó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọn òmíràn. Ìyẹn á pẹ́ jù, á sì tán an lókun. Ńṣe ló máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa lọ láìdúró, tí ahọ́n á máa kan etí rííìdì, pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè kí ohùn lè jáde, tí á sì máa kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fúlúùtù tàbí tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ló ń fọn, tí kò sí rííìdì lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yìn eyín òkè ni ahọ́n ti máa kàn. Bó ṣe ń kàn án ni ohùn ń gé, bó ṣe ń kúrò ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Tọ́ńgíìnì là ń pe iṣẹ́ yìí láàárín ara wa. Kò le rárá, àfi tí orin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ìyára wo là ń wí gan-an? Ẹ gbé mẹ́tírónóòmù, ẹ̀rọ tó ń dún ní dọ́gba-dọ́gba fún olórin ní iye ìgbà tó bá fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, sórí 60, kí ẹ gé nóòtì 4 sínú bíìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdún ẹ̀rọ náà kọ̀ọ̀kan. Nóòtì 4 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè lè ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí 90, ó di 6. Ní 120, ó di 8. Àwọn tó ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún máa ń ní kí èèyàn sọ “tatatata” bó bá ṣe lè yára tó, kí wọ́n lè fi mọ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń sọ ọ́ tó bíi 6 sí 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá gbé ìyẹn sórí mẹ́tírónóòmù, àárín 90 sí 105 ló bọ́ sí. Ìyẹn ni pé bí orin bá ti dé 120, ó ti ń béèrè lọ́wọ́ ahọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí torí pé ó ń tú èèyàn nínú. Ẹni tó ń rò pé ọ̀lẹ ni ahọ́n òun, ibi tí ahọ́n gbogbo èèyàn wà náà ni tirẹ̀ wà. Iṣẹ́ tó kù ni láti kọ́ ọ ní nǹkan tí kò kọ́ nígbà tó ń kọ́ ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ́kọ́ ṣìnà ni pé a máa ń rò pé agbára ni nǹkan tí ahọ́n ò ní. A ó wá máa lu rííìdì gidigidi, bíi pé tí a bá fi ìyà jẹ ẹ́ tó, ohùn á já gaara. Lóòótọ́ ó máa ń já gaara, fún nóòtì mẹ́ta àkọ́kọ́.

Olùkọ́ mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí. “Ẹ̀gbọ́n” ló máa ń pè mí, èmi náà á pè é ní “tíṣà”, kálukú sì ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kejì ní tirẹ̀. Nígbà tí mo gbé wàhálà ahọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti múra sílẹ̀ pé ó máa kó ojú ìwé tó ṣú dùdù fún nóòtì síwájú mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ẹnu fèrè yẹn àti ọrùn rẹ̀ kúrò lára ìyókù. Àwọn méjì yẹn nìkan la máa fọn lónìí.”

Bí ẹ bá ti fọn ẹnu fèrè àti ọrùn rẹ̀ nìkan rí, ẹ mọ̀ pé ohùn kan ṣoṣo ló ní, ohùn gooro kan tí kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìka tí èèyàn máa gbé, kò sí orin tí èèyàn máa sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó gùn. Ẹ má yí nǹkan kan padà o. Ó yá, ẹ jẹ́ kí ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan.” Mo jẹ́ kó kàn án. Ohùn náà gé, ó sì padà, àmọ́ nígbà tó máa padà, ìsàlẹ̀ ló ti wá: ó rì díẹ̀ kó tó gòkè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ọ? Ahọ́n nìkan kọ́ ló rìn níbẹ̀ yẹn.” Ó gbé dígí síwájú mi, ó ní kí n tún un ṣe. Bí ahọ́n ṣe ń gòkè ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ń bá a mì. Awọ ọ̀fun náà ń sún kì, bí ìgbà téèyàn fẹ́ gbé nǹkan mì. Àgbọ̀n tó mì ló tú ètè lára rííìdì, òun ló fà á tí ohùn fi rì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń bá fèrè yẹn jà jù,” ló kàn sọ, ó sì lọ bu omi mu.

Dígí yẹn ti kọ́ mi ju ìwé lọ. Ohun tó yẹ kó hàn nínú rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń fi ahọ́n gé ohùn ni: òfo. Ojú dúró, àgbọ̀n dúró, ọrùn dúró. Ẹni tó bá ń wò yín láti òdì kejì yàrá kò gbọdọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀ ń so nóòtì pọ̀ ni tàbí ẹ̀ ń gé wọn. Tí àgbọ̀n bá ń tẹ̀ lé ahọ́n, nǹkan tó wúwo ju ahọ́n lọ lẹ ń gbé sókè sódò ní ìgbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí bó ṣe fẹ́ yá.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn dáadáa. Etí rííìdì lókè pátápátá ni ibi tó fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ ni góńgó ahọ́n tàbí ẹ̀yìn góńgó náà díẹ̀ ti ń kàn án. Kì í tẹ̀ ẹ́, kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí nóòtì A tí àwọn olórin fi ń tún ohùn ṣe bá ń dún, ìgbà 440 ni rííìdì ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ ò nílò agbára kankan kó tó dákẹ́. Ẹ fi góńgó ahọ́n kàn án bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ṣì gbóná, ó ti dákẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó kúrò, àmọ́ kó má lọ jìnnà. Mìlímítà kan tàbí méjì ti tó. Èyí tó bá ti padà sẹ́yìn lọ dé àárín ẹnu, ọ̀nà tó jìn ló máa gbà bọ̀, nóòtì tó kàn ò sì ní dúró dè é.

Ahọ́n ò léegun nínú. Oríṣi iṣan 8 ló para pọ̀ di í: 4 wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọ́n ń yí i sí ṣóńṣó tàbí pẹrẹsẹ, 4 yòókù so ó mọ́ àgbọ̀n, mọ́ àjà ẹnu, mọ́ eegun ọ̀fun àti abẹ́ agbárí, àwọn ló ń gbé odidi rẹ̀ kiri. Iṣẹ́ góńgó ahọ́n ni tọ́ńgíìnì. Àmọ́ bí mo bá ti fi ìkánjú kún un pẹ́nrẹ́n, ìdí ahọ́n ni mo ti máa ń mọ̀ ọ́n lára: á le, á wúwo, góńgó á sì dúró gbagidi. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ẹnu fèrè ni mo ti wá rí i tó ń ṣẹ lójú mi kòrókòró.

Ní ti èémí, kò sí ọgbọ́n púpọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Bí mo bá fẹ́ fi ahọ́n gé ìlà kan, mo kọ́kọ́ máa ń fọn ìlà náà ní síso pọ̀, láìfi ahọ́n kàn án, kí n gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà mo máa ń fọn ọ́n bákan náà gẹ́lẹ́, kí ahọ́n kàn wá bá a lọ́nà. Bí ohùn bá fúyẹ́ tàbí tó kéré sí i nígbà tí ahọ́n wọlé, èémí ló ti sá sẹ́yìn. Ó jọ pé ara ń rò pé gbogbo nóòtì tuntun nílò èémí tuntun. Rárá o. Èémí kan ló gbé gbogbo wọn.

Mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń fúnni: bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lórí mẹ́tírónóòmù. Láti ọdún 1815 tí Johann Maelzel ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà ni àwa olórin ti ń ka nọ́ńbà gòkè báyìí. Ìmọ̀ràn náà dára fún ìka. Fún ahọ́n, èmi ò rò pé ó dá tó. Ẹni tó ń rìn kì í ṣe ẹni tó ń sáré díẹ̀díẹ̀. Ìrìn ní bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe é, eré náà sì ní tirẹ̀, ẹni tó bá ń fi kún ìrìn rẹ̀ máa dé ibì kan tó jẹ́ pé àfi kó yí ọ̀nà tó ń gbà gbé ẹsẹ̀ padà. Ahọ́n náà nìyẹn. Lórí 60, ahọ́n ń lọ, ó dúró, ó ń bọ̀, ó tún dúró: iṣẹ́ méjì ni, a sì lè ronú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí 120, kò sáyè fún ìrònú yẹn mọ́. Lílọ àti bíbọ̀ ti di ọ̀kan ṣoṣo, ahọ́n kàn ń ta padà fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń fọn 60 fún odindi oṣù kan, 60 ló ń kọ́.

Nítorí náà, kíákíá ni mo ti ń kọ́ kíákíá, àmọ́ mo máa ń jẹ́ kó kúrú. Nóòtì 4 ní ìyára tí mi ò lè fi fọn odindi ìlà, tí ìkarùn-ún á gùn, lẹ́yìn náà kí n dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn wà lára iṣẹ́ náà, kí n lè mọ̀ bóyá ìdí ahọ́n ti ń le. Bí 4 bá ti ń jáde láìsí wàhálà, mo sọ ọ́ di 8 kí ìkẹsàn-án tó gùn, lẹ́yìn náà 12. Orí nóòtì kan ṣoṣo ni mo ti máa ń ṣe é, G àárín, tó máa ń tètè dún lórí sáksófóònù. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé nóòtì 4 yẹn sábà máa ń jáde ní ìyára tí mo ti pinnu lọ́kàn pé mi ò ní lè dé láéláé. Ahọ́n ti lè sáré tẹ́lẹ̀. Kò kàn lè sáré pẹ́ ni.

Jíjẹ́jẹ́ náà ní tirẹ̀ o. Ìgbà tí mo bá ń lọ jẹ́jẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ẹnu nóòtì, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ṣé ó dún “tọ́” tó mọ́, àbí ariwo kan ti ṣáájú rẹ̀, àbí afẹ́fẹ́ ti jáde kí ohùn tó dé. Daniel Bonade, afọn-kìlárínẹ́ẹ̀tì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris kó tó di olùkọ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ nídìí ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Ẹ fọn nóòtì kan ní kúkúrú, kí ahọ́n padà sórí rííìdì láti dá a dúró, àmọ́ kí afẹ́fẹ́ má rẹlẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Ohùn ti dákẹ́, èémí ṣì ń tì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ gbé ìka lọ sí nóòtì tó kàn lójú ẹsẹ̀, kíá, kí ẹ wá dúró. Ìka ti débẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ń dúró, ahọ́n nìkan ló kù tó máa kúrò. Bó bá kúrò, nóòtì á bọ́ jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni fi agbára lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é dáadáa, mo rẹ́rìn-ín sínú fèrè, ìyẹn ò sì dára fún ohùn rárá.

Ohun tí ọ̀nà yẹn fi hàn mí ló jẹ́ kí n dé ibi tí mo rò pé àwọn wákàtí tó pọ̀ jù ti ń ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń pariwo pé ahọ́n wa lọ́ra, ìka ló jẹ̀bi. Ohun tí etí máa gbọ́ ni pé ohùn ò mọ́, kò sì ní sọ ẹni tó ba nǹkan jẹ́ fún wa. Bí ìka bá kúrò kí ahọ́n tó kàn, nóòtì kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò pè máa já wọlé láàárín méjì. Bí ahọ́n bá kúrò kí ìka tó dé, nóòtì tó ti kọjá ló máa tún bẹ̀rẹ̀ kó tó yí padà. Méjèèjì máa ń dún bí ahọ́n tó ń kọsẹ̀.

Ó ní bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ fọn ibi tó ń yọ yín lẹ́nu yẹn ní síso pọ̀, láìfi ahọ́n kàn án rárá, ní ìyára tí orin ń fẹ́ gan-an. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ wá dín ìyára rẹ̀ kù bí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ máa ń dójú tini: ohun tí èèyàn rò pé ó ń lọ geere, á gbọ́ pé nóòtì kẹta ń sáré, ìkẹrin ń wọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ahọ́n sílẹ̀, ìka lẹ máa tún ṣe. Bí síso pọ̀ bá mọ́ tónítóní, ẹ gbé ìka sórí nóòtì kan, kí ẹ fi ahọ́n gé e ní ìyára yẹn kan náà, kó gùn tó ibi tí orin gùn dé. Bí ìyẹn náà bá lọ, kò sóhun tó ṣe ahọ́n, kò sóhun tó ṣe ìka. Wọn ò kàn tíì gbọ́ ara wọn yé ni. Fún ìyẹn, mo máa ń gé nóòtì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó sún sí èyí tó kàn, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan. Bí ahọ́n bá ti mọ ojú ọ̀nà, ìka nìkan ló máa wá pọ̀ sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tó bá mọ èyí tó ń ṣe òun nínú mẹ́ta yìí ti kúrò lẹ́ni tó kàn ń tún ìlà kan fọn títí orí fi ń fọ́ àwọn ará ilé.

Ti rííìdì àti ti fèrè fúnra rẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Rííìdì tó le jù máa ń lọ́ra láti dáhùn, èyí tó rọ̀ jù á sé mọ́ ọ lẹ́nu. Nóòtì ìsàlẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dún torí afẹ́fẹ́ inú fèrè tó máa gbọ̀n gùn, nítorí náà ẹ má fi B-fúláàtì ìsàlẹ̀ dá ara yín lẹ́jọ́. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ gùn lè fi góńgó rẹ̀ ti eyín ìsàlẹ̀ kó máa fi ibi tó tẹ̀ lé e kan rííìdì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì dára ju èmi lọ.

Ibì kan wà, ṣá o, tí góńgó ahọ́n nìkan ò ní lè dé. Ibi tí ìyẹn wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Fún àwọn kan ó ti dé kí wọ́n tó kan 120, àwọn mìíràn á kọjá 140. Níbẹ̀ ni dọ́bù-tọ́ńgíìnì ti ń wọlé: góńgó ahọ́n á gé ọ̀kan bí ẹni sọ “tú”, ẹ̀yìn ahọ́n á gé ìkejì bí ẹni sọ “kú”, wọ́n á sì jọ máa pín in. Nóòtì 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wá di 4 fún iwájú, 4 fún ẹ̀yìn, kò sì sí èyí tó ń sáré nínú wọn. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Sylvestro Ganassi, tó tẹ ìwé jáde lórí fèrè ní Venice ní ọdún 1535, ti to irú sílébù bẹ́ẹ̀, bíi “te che”, sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Johann Joachim Quantz, tó fọn fúlúùtù láàfin ọba Prussia, kọ tirẹ̀ ní ọdún 1752: “tiri” fún ibi tó yá díẹ̀, “did’ll” fún ibi tó ń sáré gan-an. Nígbà tó di ọdún 1864, Jean-Baptiste Arban tẹ ìwé tirẹ̀ jáde fún àwọn tó ń fọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì, fèrè tó jọ tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, “tu ku” fún méjì-méjì, “tu tu ku” fún mẹ́ta-mẹ́ta, títí di òní sì ni àwọn afọn-tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ń ṣí ìwé náà láàárọ̀. Nígbà tí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn tó gbé ayé ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn náà jókòó tí wọ́n ń sọ “te che te che” sínú igi, inú mi dùn láìnídìí.

Èyí rọrùn fún àwọn tó ń fọn fúlúùtù àti tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, torí kò sí nǹkan kan nínú ẹnu wọn. Àwa tí ẹnu fèrè wọ̀ lẹ́nu ni ìyà rẹ̀ wà fún. “Tú” wa ń kan rííìdì, “kú” wa ò kàn án. Afẹ́fẹ́ ló kàn ń dá dúró ní àjà ẹnu lẹ́yìn, nítorí náà ohùn rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ tìjẹ́tìjẹ́. Bí a bá gbé méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kìíní, a ó gbọ́ ọ̀kan tó mọ́, ọ̀kan tó ṣú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n fi “tú” sílẹ̀ pátápátá, kí n máa fọn “kú” nìkan, ìlà lẹ́yìn ìlà, títí ó fi ń dún bí nóòtì gidi. Ó burú gbọ́. Èkejì ni kí n gbé “kú” wá síwájú: “kí” dára ju “kó” lọ, torí nígbà tí èèyàn bá ń sọ “kí”, ahọ́n ti ga, ó sì ti sún mọ́ iwájú, ọ̀nà tó máa rìn ti kúrú.

Gbogbo èyí kò gba fèrè lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Mo máa ń ṣe “dududu” àti “tukutuku” lábẹ́ ohùn níbi tí mo bá ti ń dúró de nǹkan, kí ètè má mì, kí àgbọ̀n má mì. Ó dá mi lójú pé àwọn kan tó jókòó tì mí rò pé àdúrà ni mò ń gbà, wọ́n sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mi ò ṣe mọ́ ni kí n máa ti ahọ́n tó ti rẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ti wúwo, mo ti gbé fèrè sílẹ̀ nìyẹn, torí ohunkóhun tí mo bá fọn lẹ́yìn ìgbà náà, wíwúwo yẹn ló ń kọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti márùn-ún nírọ̀lẹ́ sàn fún ahọ́n ju wákàtí kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí kan yẹn ló máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé òun ti ṣiṣẹ́.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó fẹ́ràn ìyára, tí èmi náà wà lára wọn, kì í fẹ́ gbọ́: kì í ṣe gbogbo nóòtì ló yẹ kí ahọ́n kàn. Àwọn afọn-sáksófóònù tó ń fọn jáàsì sábà máa ń fi ahọ́n kan nóòtì tó wà láàárín bíìtì méjì, tí wọ́n á sì so ó mọ́ èyí tó bọ́ sórí bíìtì, ìdí nìyẹn tí orin wọn fi ń jó. Nínú orin tí a kọ sílẹ̀ náà, bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbà wá láyè, a lè so méjì àkọ́kọ́ pọ̀ kí a gé méjì yòókù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Lórí 132, nóòtì 4 sínú bíìtì kan, bí a bá gé gbogbo rẹ̀, ahọ́n máa kan rííìdì ní ìgbà 8.8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá so méjì tí a gé méjì, ó wálẹ̀ sí 6.6, ó sì ti padà sáàárín ohun tí ahọ́n ẹni tó ń sọ “tatata” lásán lè ṣe. Etí tó ń gbọ́ láti òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àfi ibi tí àmì sìtákátò, èyí tó ní kí a gé nóòtì ní kúkúrú, bá jókòó lórí nóòtì kọ̀ọ̀kan, níbẹ̀ kò sí àwáwí.

Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ohun tí mo ń gbé ìwé orin lé báyìí, àmì sìtákátò láti òkè dé ìsàlẹ̀, 132 lórí rẹ̀. Góńgó ahọ́n ń gbé mi kọjá ìlà kìíní. Láàárín ìlà kejì ni mo ti ń jẹ́ kí “kú” wọlé, kí ìdí ahọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹnu ibi tí mo ti ń yí i yẹn ò sì tíì dán. Tíṣà ní òun ò gbọ́ ọ mọ́ bí òun bá jókòó sẹ́yìn yàrá. Èmi tí mo wà nídìí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ, nítorí náà ibẹ̀ nìkan ni mo ń fọn láàárọ̀: nóòtì 4 pẹ̀lú “tú”, 4 pẹ̀lú “tú kú”, ìkẹsàn-án á gùn, lẹ́yìn náà màá dákẹ́.